Thunder Balogun: Ọmọ Èkó Tó Kọ́kọ́ Gbá Bọ́ọ̀lù Jẹun ní Líìgì Ìlú Ọba

Ẹni tó bá ti gba Sùúrùlérè kọjá ní Èkó yóò ti rí pápá ìṣeré méjì tó múlé ti ara wọn. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òun ni wọ́n lò fún Ìdíje Eré Gbogbo Áfíríkà ní 1973. Èkejì jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba èèyàn tó lé ní 24,000. Teslim Balogun ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan ní ẹ̀ka wa pé ta ni Balogun tí à ń wí yìí. Ọ̀kan ní olóṣèlú ni. Òmíràn ní ológun ni, ó ní ṣe bí orúkọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ẹnì kẹta yọ fóònù rẹ̀, ó wá a, ó sì rí i pé agbábọ́ọ̀lù ni, àti pé ìdíje 13 péré ló gbá ní líìgì Ìlú Ọba, tó sì jẹ góòlù 3. Ó wá bi mí bóyá tìtorí góòlù mẹ́ta ni wọ́n ṣe kọ́ odidi pápá ìṣeré fún èèyàn.

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà lórí àga ìkẹ́kọ̀ọ́ báyìí, àti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, la máa ń fi iye wọn nǹkan: iye góòlù, iye owó, iye ọdún tí èèyàn lò lókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin yìí bó ṣe jẹ́ gan-an, kí a tó ṣèdájọ́.

Ọmọ Èkó ní ìgbà òyìnbó

Tèsílímì Ọláwálé Àyìndé Balógun ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Èkó ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Port Harcourt. Ìgbà òyìnbó amúnisìn ni. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti tàn ká àwọn ìlú ńlá nígbà náà, àwọn tó sì ń gbé e lárugẹ ni àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìjọba: ilé iṣẹ́ Rélùwéè, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Marine, UAC, àti àwọn báńkì. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún èèyàn torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù ó gbá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan bá rí ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá múṣémúṣé, yóò fún un níṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí ní wákìṣọ́ọ̀bù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà yóò wọ aṣọ ikọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ló ń bọ́ ọ, bọ́ọ̀lù ló sì jẹ́ kó rí iṣẹ́ náà gbà.

Báyìí ni Balógun ṣe ń ti ikọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ó gbá fún Apapa Bombers, ó gbá fún Marine, ó gbá fún Rélùwéè, ó sì gbá fún Pan Bank. Ìdíje tó gbajúmọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà ni ti ife ẹ̀yẹ Gómìnà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Challenge Cup nígbà tó yá. Pápá King George V ní Oníkàn, tó ń jẹ́ Mobolaji Johnson Arena lónìí, ni ojúde tí àwọn ará Èkó ti ń wo àwọn àṣekágbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni òkìkí Balógun ti kàn.

Atamátàsé ni, èyíinì ni ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa wá góòlù. Ó síngbọnlẹ̀, ó lágbára, bọ́ọ̀lù tó bá sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde máa ń le débi pé àwọn èèyàn fi ààrá wé e. Ibẹ̀ ni orúkọ Thunder ti wá. Wọ́n tún máa ń pè é ní Balinga. Ẹ rántí pé nígbà náà, aláwọ̀ ni bọ́ọ̀lù, bí òjò bá sì pa á, yóò fa omi mu, yóò wúwo. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló lè gbá irú rẹ̀ kó rìn jìnnà, pàápàá bí ẹsẹ̀ náà bá ṣófo.

Ọdún 1949: ẹsẹ̀ lásán ní Ìlú Ọba

Ní 1949, ẹgbẹ́ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà kó agbábọ́ọ̀lù 18 jọ láti rán wọn lọ sí Ìlú Ọba. Ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Apapa ló gbé wọn láti Èkó lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀, Jack Finch, òyìnbó tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí fún Fulham, sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Tèsílímì Balógun wà lára àwọn tó lọ.

Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ikọ̀ tí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n kọ́kọ́ pàdé ikọ̀ Marine ti Crosby nítòsí Liverpool, wọ́n sì nà wọ́n ní 5 sí 2. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ju góòlù lọ ni pé ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn kàn fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀ ni. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí pápá ń yọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tó wọ bàtà onípàkúta lè dúró, àwọn tí kò wọ̀ ọ́ ń yọ̀ ṣubú. Nígbà tí ìrìn-àjò náà fi máa parí, ìdíje tí wọ́n pàdánù ju èyí tí wọ́n borí lọ.

Ẹni tó bá dàgbà ní Arámọkọ-Èkìtì bíi tèmi kò ní fi àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí ilẹ̀ pupa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ ni àwa náà ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Bí ẹnìkan nínú wa bá ní bàtà bọ́ọ̀lù, a máa ń ní kó bọ́ ọ kó má baà tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀. Èmi mọ bó ṣe máa ń rí kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lu bọ́ọ̀lù tí òjò ti pa. Kí èèyàn wá fi irú ẹsẹ̀ yẹn gbá góòlù márùn-ún wọlé àwọn òyìnbó nílé wọn, iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì bá Sierra Leone gbá a ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1949. Nàìjíríà borí ní 2 sí 0. Ìdíje yẹn ni a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ìrìn-àjò yẹn la ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Wọ́n rí i pé níbì kan láyé, èèyàn lè jí láàárọ̀ kó lọ sí pápá bí àwa ṣe ń lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n sì sanwó fún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Titus Okere, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, padà lọ bá ikọ̀ Swindon Town, ṣùgbọ́n kò rí ìdíje líìgì kankan gbá. Ọ̀nà ti là díẹ̀, ó ku ẹni tí yóò gbà á kọjá.

Kí ni iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà?

Ní 1955, Balógun lọ sí Peterborough United. Ikọ̀ yìí kò tíì wọ líìgì àgbà nígbà náà. Midland League ni wọ́n wà, George Swindin tó ti ṣọ́lé fún Arsenal rí sì ni ọ̀gá wọn. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Skegness Town. Ní 1956, Queens Park Rangers ní London mú un. Abẹ́ ọ̀gá Jack Taylor ló wà, ní pápá Loftus Road, nínú ìpín kẹta ti Gúúsù. Nígbà tó wọ pápá nínú ìdíje líìgì fún wọn, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ lórí ìdíje 13, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Lákọ̀ọ́kọ́, owó oṣù ní gbèdéke. Òfin kan wà tó sọ iye tí ikọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá, bó ti wù kí agbábọ́ọ̀lù náà mọ̀ ọ́n gbá tó. Nígbà tí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́ ní 1961, £20 lọ́sẹ̀ ni gbèdéke ọ̀hún. Nígbà tí Balógun wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé ó lọ kó owó jọ ni, kó tún un rò.

Èkejì, agbábọ́ọ̀lù kò lè fi ikọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àdéhùn rẹ̀ bá tilẹ̀ ti parí, ikọ̀ náà lè di ìwé rẹ̀ mú kí ó má lè gbá fún ẹlòmíràn. Ní 1963 ni ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ George Eastham sọ pé irú ìdè bẹ́ẹ̀ kò bófin mu.

Ẹ̀kẹta ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Kò sí pààrọ̀ nígbà náà. Èèyàn mọ́kànlá ló máa wọ pápá, àwọn mọ́kànlá náà ni yóò sì parí rẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá fara pa, tí wọ́n á sì ku mẹ́wàá. Ọdún 1965 ni líìgì Ìlú Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹni tó bá fara pa. Lónìí, atamátàsé tí kò sí lára àwọn mọ́kànlá lè wọlé ní ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, wọn yóò sì ka ìdíje náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lásìkò Balógun, ìdíje 13 túmọ̀ sí pé nígbà 13 ni wọ́n yan ọmọ Èkó mọ́ àwọn mọ́kànlá tó dára jù nínú ikọ̀ ńlá kan ní London. Ìyókù sáà, àárín àwọn ikọ̀ kejì ni èèyàn yóò ti máa gbá a, níbi tí èrò kò pọ̀ sí, nínú òtútù tí ẹni tó bá Balógun wá láti Èkó kò bá pàdé rí.

A ò sì gbọdọ̀ gbàgbé irú ìlú tí ó ń gbé. Ní London àsìkò yẹn, onílé lè kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, kò sì sí òfin tó lè mú un. Ọdún 1965 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń jáde sójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn tí wọ́n jọ la ọ̀nà

Balógun kọ́ ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù jẹun níbẹ̀. Arthur Wharton, tí wọ́n bí ní Accra ní 1865, ti ṣọ́lé fún Rotherham àti Sheffield United ṣáájú kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Ní sáà kan náà tí Balógun wà ní Queens Park Rangers, Steve Mokone láti South Africa wà ní Coventry City, nínú ìpín kan náà. Ìdíje mẹ́rin péré ló rí gbá níbẹ̀. Nígbà tó kọjá sí Heracles ní Netherlands, ó di ìlúmọ̀ọ́ká. Ìyẹn fi hàn pé iye ìdíje tí èèyàn rí gbá kì í sábà sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dá tó. Ó lè jẹ́ pé ibi tó wà ni kò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú eré tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é ní Èkìtì. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, wọ́n ní họ́kì tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín. Àwọn eléré náà máa ń wọ bàtà tí irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa fi igi gbá rọ́bà roboto kan káàkiri. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 1958, Willie O'Ree wọ ikọ̀ Boston Bruins, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì wọn tó ga jù. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran. Ìdíje 45 ló gbá níbẹ̀, góòlù 4 ló jẹ. Bí a bá fi iye nìkan wò ó, kò jọni lójú. Síbẹ̀, ní 2022, ikọ̀ náà gbé nọ́ńbà 22 tó wọ̀ kọ́ òkè, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ti ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Èyí tó ṣe nígbà tó padà wálé

Lẹ́yìn Queens Park Rangers, Balógun lọ sí Holbeach United fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí, èmi gan-an ì bá má kọ èyí. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ mí lógún jù.

Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kì í ṣe pé ó kàn dúró létí pápá kó máa pariwo. Ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá oníwèé ẹ̀rí. Ẹ wo àsìkò tó ṣe é. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbé lé ikọ̀ Nàìjíríà lórí látìgbà Jack Finch. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960 pàápàá, wọ́n mú Moshe Beth-Halevi wá láti Ísírẹ́lì, wọ́n sì mú Jozsef Ember wá láti Hungary. Ìgbàgbọ́ àwọn aláṣẹ ni pé ọmọ wa lè gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí ó ronú nípa rẹ̀ kí ó sì kọ́ni, iṣẹ́ àlejò ni. Ìwé ẹ̀rí Balógun ta ko ìgbàgbọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí àwọn tó wà lókè tó gbà. Ní àwọn ọdún 1980 ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Yorùbá, olùkọ́, darí ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, tó sì gbé wọn dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní 1984. Ojú ọ̀nà tí Balógun ti ro ni Onígbìndé tọ̀.

Balógun kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1972, ó papò dà, kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún. Kò rí ọjọ́ tí Amokachi dé Everton ní 1994, tí Kanu dé Arsenal ní 1999, tí Òkóchá sì dé Bolton ní 2002. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, ọdún 2007 ni wọ́n sì tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ti lè gboyè jáde ní yunifásítì kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbá lára ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ níbẹ̀.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Àbúrò mi kan wà ní Arámọkọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Ní ọdún tó ṣáájú èyí, ọkùnrin kan wá, ó ní òun yóò mú un lọ sí Yúróòpù fún ìdánwò. Ó gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí wa, owó kòkó ọdún kan gbáko, ó sì ní kí ọmọ náà fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè ráyè múra. A ò tún gbúròó ọkùnrin yẹn mọ́. Nígbà tí mo sọ ìtàn Balógun fún àbúrò mi, góòlù kọ́ ló bi mí nípa rẹ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù tán, kó tún di olùkọ́ bọ́ọ̀lù, kó sì gbàwé ẹ̀rí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti padà sí kíláàsì báyìí. Ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, èmi ò sì ní kó má gbá a.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ayé Balógun nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló gbé e dé London, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ a máa rẹ èèyàn. Bó pẹ́ bó yá, ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń mọ. Ìmọ̀ tó fi kún un ló jẹ́ kó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí bàtà kọ́ sórí ìṣó. Àwa tí a ń kàwé, tí ojú wa sì wà lókè òkun, ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn lọ. Balógun náà lọ. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó rí kọ́ níbẹ̀, ó gbé e bọ̀ wálé.

Mo ti wá ní èsì fún ẹlẹgbẹ́ mi tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ góòlù mẹ́ta. Góòlù mẹ́ta kọ́ ni wọ́n kọ́ pápá fún. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn òyìnbó ní 1949, tó padà lọ ní 1955 láti lọ jẹun nídìí rẹ̀, tó sì tún wálé wá di olùkọ́, òun ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bí ẹ bá tún gba Sùúrùlérè kọjá, tí ọmọdé kan bá wà pẹ̀lú yín nínú ọkọ̀, ẹ bá mi sọ fún un ẹni tí Teslim Balogun jẹ́.